Kí Ni A Ń So Mọ́ Jíìpù Àtijọ́, Kí Sì Ni Ìdí Rẹ̀?

Ní ilẹ̀ wa lónìí, ọkọ̀ gíga yòówù tí ó bá lè la ẹrẹ̀ kọjá, jíìpù ni a ń pè é, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti ṣe é, ìbáà jẹ́ Jámánì. Orúkọ náà wá láti ara ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ilé iṣẹ́ Willys àti Ford ṣe ju 600,000 lọ láàrin ọdún 1941 sí 1945. Mo sì ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti gbó, kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Wọn a so táyà ràgàjì mọ́ ọn, wọn a de irin ńlá mọ́ iwájú rẹ̀, wọn a to iná mẹ́fà sórí rẹ̀. Bí a bá bèèrè ìdí, wọn a ní kí ọkọ̀ lè lágbára ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Èrò tèmi ni pé àfikún kì í fún ọkọ̀ ní agbára tí kò ní. Ó ń darí agbára tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ sí iṣẹ́ kan, ó sì ń gba ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ dípò.

Oko ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ Rover, Maurice Wilks, ń fi jíìpù ológun àlòkù ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey ní Wales. Ní ọdún 1947, òun àti Spencer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ń darí ilé iṣẹ́ náà, pinnu láti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948, wọ́n gbé Land Rover jáde ní Amsterdam. Irin wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn wà lára ohun tí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò fi owó ọ̀tọ̀ rà, bẹ́ẹ̀ náà ni tìmùtìmù ìjókòó ẹni tí awakọ̀ gbé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ti pèsè àyè tí a lè gbà fa agbára ẹ́ńjìnnì jáde láti fi la igi, láti fi fa omi, tàbí láti fi yí ẹ̀rọ ìpakà. Iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rò, ìrọ̀rùn ni ó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1948 kan náà, ní Seattle ní Amẹ́ríkà, Arthur Warn rí i pé àwọn jíìpù tí wọ́n ti ojú ogun bọ̀ ti ń rin ọ̀dà. Lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ iwájú ń yí àwọn gíà tí ẹnikẹ́ni kò nílò níbẹ̀, epo ń ṣòfò, irin sì ń jẹ. Ó ṣe ohun kan tí a ń dè mọ́ àárín ẹsẹ̀ iwájú, tí a lè fi ọwọ́ yí kí ẹsẹ̀ náà lè máa yí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìsinmi ni àfikún yìí fún ọkọ̀.

Àwa tí a wà ní yunifásítì kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn ẹgbẹ́ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà láti Oxford àti Cambridge fi Land Rover méjì kúrò ní London. Ní oṣù kẹta ọdún 1956 wọ́n dé Singapore. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì gbé àgbá epo. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tọ̀ ni ó yan ẹrù fún wọn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti korò jù lọ ni igbó Darién, láàrin Panama àti Colombia, níbi tí ọ̀nà ti pin. Ní ọdún 1960, Land Rover kan àti jíìpù kan gba ibẹ̀ kọjá fún ọjọ́ 136. Ìrìn wọn kò ju nǹkan bí mítà 200 lọ ní wákàtí kan, wọ́n sì fi ìtì ọ̀pẹ ṣe afárá lórí odò 125. Ní ọdún 1972, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí John Blashford-Snell ṣe olórí wọn, gbé Range Rover méjì tuntun wọ inú igbó kan náà. Wọ́n ti di ẹrù kún wọn, wọ́n sì ti wọ táyà ńlá irà fún wọn. Kò pẹ́ tí gíà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Nígbà tí a wádìí, táyà ńlá náà wà lára ohun tí ó fà á. Land Rover àlòkù tí wọ́n rà ní Panama, tí ó fúyẹ́, ni ó ń ṣíwájú wọn. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí táyà bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni eyín gíà yóò ṣe máa tiraka tó láti yí i, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì yóò sì ṣe máa jà tó láti dá a dúró. Ẹrù tí a gbé sórí òrùlé ń mú kí ọkọ̀ tètè ṣubú ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Iná mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 100 ń fẹ́ ampere 50 lórí bátìrì fóòtì 12. Ẹ̀rọ amúnáwá ọkọ̀ ayé ìgbà náà kì í sáábà fúnni ní ìdajì rẹ̀.

Èyí tí ó léwu jù kò sì hàn sí ojú. Alumíníọ̀mù ara Land Rover kì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n irin ni férémù tí ó gbé e, inú ni ó sì ti ń jẹrà. Bí a bá de ẹ̀rọ ìfàkọ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀, tí ọkọ̀ sì rì, iwájú ọkọ̀ lè já tẹ̀ lé okùn, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró nítòsí lè bá a lọ.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó ní jíìpù àtijọ́ kọ́kọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Kí ó fi òòlù kan férémù, kí ó yẹ bíréèkì, sípíríǹgì àti ìdarí wò. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀nà wo ni òun fẹ́ gbà. Bí a bá di ẹrù tí kò gún, a tún un dì ni. Ṣùgbọ́n ilé ni ó dára kí a ti tún un dì, kí ó má jẹ́ àárín irà.