Ohùn, Èémí àti Ìtumọ̀: Ìtàn Pípe Mántírà fún Ìtura àti Ìwòsàn Nínú Yógà

ÌFÁÁRÀ

Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì bi rí pé kí ni a ń fi àmì ohùn ṣe. Ìdáhùn tí ó sábà máa ń yá lẹ́nu wa ni pé bí a bá ṣi ohùn pè, ìtumọ̀ yóò yí padà: ọkọ yóò di ọkọ́, ọkọ́ yóò sì di ọkọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn kan wà tí ìran wọn ti ń fi ẹnu àti etí tọ́jú ohùn fún nǹkan bí 3,000 ọdún. Inú iṣẹ́ wọn ni pípe mántírà ti ṣẹ̀, èyí tí àwọn tí ń ṣe yógà káàkiri ayé ń lò láti fi wá ìtura àti ìwòsàn.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ méjì. Yógà ni ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Íńdíà ń gbà kó ara, èémí àti ọkàn ní ìjánu. Mántírà ni ọ̀rọ̀ tàbí gbólóhùn mímọ́ tí a ń pè ní àpètúnpè. Nínú àròkọ yìí, a ó tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan tí àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ti jiyàn lé lórí láti ìgbà láéláé: ṣé ohùn ni ó ń ṣiṣẹ́ ni, tàbí ìtumọ̀?

ÌSÀRÉ VEDA ÀTI OHÙN MẸ́TA

Veda mẹ́rin ni ó wà: Rigveda, Samaveda, Yajurveda àti Atharvaveda. Rigveda ni ó dàgbà jù. Ìsàré 1,028 ni ó wà nínú rẹ̀, a sì pín wọn sí ìwé 10. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láàrin nǹkan bí ọdún 1500 sí 1000 kí a tó bí Jésù ni a ṣẹ̀dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti ẹnu olùkọ́ ni wọ́n ti ń bọ́ sí etí ọmọ. Ìwé kíkọ dé lẹ́yìn náà.

Atharvaveda ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ìwòsàn jù. Inú rẹ̀ ni a ti rí èyí tí wọ́n ń pè sí ibà àti èyí tí wọ́n ń pè sí ikọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ nípa ọfọ̀ yóò dá irú rẹ̀ mọ̀: a ń bá àìsàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni, a sì ń pàṣẹ fún un pé kí ó máa lọ.

Ohùn mẹ́ta ni a fi ń sa Rigveda. Orúkọ wọn ni udatta, anudatta àti svarita. Nínú ìwé tí a tẹ̀, ìlà kékeré tí a fà sí abẹ́ sílébù ni àmì anudatta, èyí tí ó lọ sílẹ̀. Ìlà òòró tí ó wà lórí sílébù ni àmì svarita. A kì í sì í fi àmì kankan sí udatta. Bí a bá tẹ́tí sí àwọn tí ń sà á lóde òní, àárín àwọn méjì yòókù ni èyí tí kò ní àmì yìí máa ń bọ́ sí. Ta ni nínú wa tí kò ní rántí ohùn àárín tiwa, tí àwa náà kì í fi àmì sí? Èmi kò sọ pé èdè méjèèjì tan mọ́ ara wọn, nítorí wọn kò tan. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu, dandan ni kí ó tọ́jú ohùn.

Ìtàn kan wà tí àwọn onímọ̀ gírámà Sáńsíkírítì fi ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Indra, ọba àwọn òrìṣà wọn, pa ọmọ Tvashtri. Inú bí Tvashtri, ó rúbọ, ó sì pe ọ̀rọ̀ kan láti fi bí ọmọ tí yóò gbẹ̀san. Ọ̀rọ̀ náà ni indrashatru. Bí ohùn bá ròkè ní ìparí rẹ̀, “ẹni tí yóò pa Indra” ni. Bí ó bá ròkè ní ìbẹ̀rẹ̀, “ẹni tí Indra yóò pa” ni. Tvashtri ṣi ohùn pè. Vritra, tí ó ti ipa ẹbọ náà wáyé, kò rí Indra pa. Indra ni ó pa á. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Kí irú àṣìpè bẹ́ẹ̀ má baà wáyé, wọ́n gbé ìlànà ìkọ́ni tí ó le kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ sa ẹsẹ̀ kan bí ó ti wà. Lẹ́yìn náà, yóò pín in sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í hun àwọn ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní jata, bí yóò ti pe àwọn ọ̀rọ̀ náà nìyí: 1-2, 2-1, 1-2. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní ghana: 1-2, 2-1, 1-2-3, 3-2-1, 1-2-3, kí ó tó sún síwájú. Bí ó bá fo ọ̀rọ̀ kan, etí olùkọ́ yóò gbá a mú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọmọ fi ń kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ awo ti í fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ Ifá.

OM ÀTI ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ ÌTUMỌ̀

Nínú gbogbo mántírà, Om ni ó gbajúmọ̀ jù. Upanishad tí a ń pè ní Mandukya, ẹsẹ̀ 12 péré, dá lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó pín in sí a, u àti m, ó sì fi wọ́n wé àìsùn, àlá àti oorun àsùnwọra. Ipò kẹrin ni èyí tí kò ní ohùn rárá. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìró èdè yóò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀ pẹ̀lú: fáwẹ̀lì tí ẹnu là sílẹ̀ fún ni ó ṣáájú, èyí tí ètè ká roboto fún ni ó tẹ̀lé e, àránmúpè tí ètè pa dé fún ni ó sì kẹ́yìn.

Àríyànjiyàn tí mo mẹ́nu bà ní ìṣáájú wà nínú Nirukta, ìwé tí Yaska ṣe kí a tó bí Jésù. Yaska sọ pé Kautsa ní mántírà kò ní ìtumọ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀rí rẹ̀ ni pé a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí kí a yí ètò wọn padà. Yaska kò gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni ó wà nínú mántírà, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀.

Patanjali, ẹni tí a ka Yoga Sutra sí lọ́rùn, so méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ìwé náà sí 500 ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó gbani nímọ̀ràn pé kí a máa pe Om ní àpètúnpè, kí a sì máa ronú lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ka ohun mẹ́sàn-án tí í da ọkàn rú. Àìsàn ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, ó sì fi èémí tí kò dúró déédéé kún àwọn àmì tí a fi ń mọ̀ pé ọkàn ti dàrú. Báyìí ni ohùn, èémí àti àìlera ṣe pàdé nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, Svatmarama kọ Hatha Yoga Pradipika. Ó ṣàlàyé ọ̀nà ìmí kan tí wọ́n ń pè ní bhramari, níbi tí ènìyàn yóò ti máa kùn bí oyin bí ó ti ń rọra mí síta. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ti kúrò. Ìró nìkan ni ó kù.

BÍ Ó ṢE DÉ ÒDE ÒNÍ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1893, Swami Vivekananda sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àwọn ẹlẹ́sìn àgbáyé ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun ti ń fi ojú sí yógà. Ìwé rẹ̀, Raja Yoga, jáde ní 1896.

Nínú Íńdíà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ Tirumalai Krishnamacharya (1888–1989) ṣe kókó. Títí di ìgbà rẹ̀, àwọn tí ó di àṣà mú ṣinṣin kì í gba obìnrin láyè láti sa Veda. Òun kọ́ obìnrin. Ọmọ rẹ̀, T. K. V. Desikachar (1938–2016), dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Madras, tí a ń pè ní Chennai báyìí, ní 1976. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ìsàré pẹ̀lú ìmí àti ìdúró ara fún ìtọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, tí wọ́n sì ń wo agbára olúkúlùkù kí wọ́n tó yan èyí tí yóò pè.

Ní ọdún 2001, Luciano Bernardi ti Yunifásítì Pavia ní Ítálì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Àwọn 23 tí ara wọn le ni wọ́n lò. Wọ́n ní kí wọ́n pe mántírà kan, kí wọ́n sì ka àdúrà rosary àwọn Kátólíìkì ní èdè Látìn. Àbájáde méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: èémí wọn lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 6 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sábà máa ń mí tó 12 sí 20. Ìlù ọkàn àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wọn sì bá èémí náà rìn pọ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tí ń pe gbólóhùn gígùn kò lè máa mí gúlegúle. Ohùn ni yóò fa èémí ìmísíta gùn, èémí gígùn yóò sì mú ara rọlẹ̀. Ní 2002, Eddie Weitzberg àti Jon Lundberg ní Súwídìn tún rí i pé bí ènìyàn bá ń kùn, gáàsì nitric oxide tí ń jáde láti imú rẹ̀ ń di ìlọ́po 15 ti ẹni tí ó kàn mí síta láìkùn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí wọ́n wò nínú ìwádìí wọ̀nyí kò pọ̀. Ìtura ni a rí níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé mántírà lè rọ́pò oògùn ibà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá pa ilé ìwòsàn tì nítorí rẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Kí wá ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa? Bí mántírà àti àdúrà Látìn bá ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara, ó jọ pé Kautsa ni ó jàre: ara kò béèrè ìtumọ̀, bí ohùn ṣe ń lọ ní ìwọ̀n ni ó ń gbọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ìró lásán lọ́dọ̀ olùkọ́, tí yóò sì tún fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ lójú wọn ni wọ́n fi tọ́jú ohùn rẹ̀ títí tí ó fi dé ọwọ́ àwọn oníwàádìí. Yaska náà jàre. Èrò tèmi ni pé ohùn ni ó ń tu ara, ìtumọ̀ ni kò sì jẹ́ kí ohùn náà parun.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní ọdún 2008, UNESCO kọ ìsàré Veda, tí ó ti kéde ní 2003, àti Ifá, tí ó ti kéde ní 2005, sínú àkọsílẹ̀ kan náà ti ogún àṣà àtẹnudẹ́nu ọmọ ènìyàn. Àwọn ará Íńdíà ṣì ní àwọn ọmọ tí ń jókòó ti olùkọ́ láti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò, bí a bá ní kí ẹ fi àmì ohùn sí ẹsẹ̀ oríkì kan, ẹ má ṣe kà á sí ìyà. Ẹ kọ́kọ́ kì í jáde ketekete, kí etí yín gbọ́ ọ; lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó mú gègé.