Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Ikú Àwọn Awakùsà Énúgù?

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó ṣe olórí wọn yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 21 ní ibi ìwakùsà èédú Iva Valley, ní Énúgù. Ọ̀ràn owó iṣẹ́ ni ó fa ìjà. Ìjọba rán ọlọ́pàá láti kó ẹ̀tù tí a fi ń fọ́ òkúta kúrò níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọrin, wọ́n ń jó, wọn kò sì ní ìbọn lọ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ tí Fitzgerald ṣe alága rẹ̀, tí Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá sì wà nínú rẹ̀, wádìí ọ̀ràn náà. Àkọlé ìwé wọn pè é ní ìrúkèrúdò. Wọ́n sì ní ọ̀gá ọlọ́pàá náà ṣi ọ̀ràn wò. Bí a bá pè é ní ìrúkèrúdò, àwọn òkú ni a ń bá wí. Bí a bá sì pè é ní àṣìṣe, ọ̀rọ̀ náà fúyẹ́ fún òkú 21.

Ẹlòmíràn lè sọ pé kò yẹ kí a pè é ní ìpakúpa, nítorí a kò pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìsọkúsọ ni ọ̀rọ̀ tí kò yẹ ní sísọ; ìjẹkújẹ ni oúnjẹ tí kò yẹ ní jíjẹ. Ìpakúpa kò bèèrè ète, kò sì bèèrè iye òkú. Bóyá pípa náà yẹ ni ó ń bèèrè. Ẹni tí kò gbé ìbọn, tí ó ń bèèrè owó iṣẹ́ rẹ̀, kò yẹ ní pípa. Nítorí náà, ìpakúpa ni.