Ẹja ń jẹun dáadáa, àmọ́ ṣé ọmọ ọwọ́ lè mu omi náà?

1/ Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ẹja lónìí. Ìtàn bàbá àti ọmọ kan nílùú òyìnbó ni, àmọ́ ìdí kànga wa ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ló máa já sí. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

2/ Bàbá ń jẹ́ Robert Warington, onímọ̀ kẹ́míkà ní London. Ní 1849, ó kó ẹja góòlù méjì sínú àpótí gíláàsì, ó gbin koríko omi sí i. Nígbà tí ewé tó ń jẹrà fẹ́ ba omi jẹ́, ó kó ìgbín omi sí i kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ní 1850 ó gbé e jáde: ẹja, ewé àti ìgbín lè jọ gbé pọ̀ kí omi má bàjẹ́.

3/ Afẹ́fẹ́ ni bàbá gbájú mọ́: ewé ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́ tó ń mí. Òótọ́ ni, àmọ́ ìbéèrè kan ṣẹ́ kù. Ibo ni ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń gbà lọ?

4/ Ní 1877, Schloesing àti Müntz ní Faransé rọra ń da omi ìdọ̀tí gba inú yanrìn àti ẹfun. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, amóníà inú rẹ̀ ti di náítréètì. Wọ́n wá fi chloroform sí i, oògùn tí wọ́n fi ń kun èèyàn lóorun nígbà yẹn. Iṣẹ́ dúró! Ohun tí oògùn oorun lè dá dúró, ohun abẹ̀mí ni. Kòkòrò àìfojúrí ló wà nídìí ẹ̀.

5/ Ibí ni ọmọ ti wọlé. Òun náà ń jẹ́ Robert Warington, oko ìwádìí Rothamsted ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé ìpele méjì ni: amóníà á kọ́kọ́ di náítráìtì, náítráìtì á wá di náítréètì, kòkòrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe é. Ní 1890, Winogradsky, ará Rọ́ṣíà tó wà ní Zürich, rí àwọn kòkòrò náà yà sọ́tọ̀.

6/ Ẹ má jẹ́ kí orúkọ méjèèjì dà pọ̀ mọ́ yín lójú o. Amóníà àti náítráìtì ló ń yára pa ẹja. Náítréètì ló rọ̀ jù nínú wọn. Tí ẹja bá ń kú nínú táǹkì tuntun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn kòkòrò yẹn ò tíì pọ̀ tó níbẹ̀ ni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà.

7/ Èló wá ni náítréètì tí kò léwu? Àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ kì í fẹ́ kó kọjá mìlígíráàmù 40 nínú lítà omi kan. Ọ̀pọ̀ ò fẹ́ ju 20 lọ. Tí ewé bá wà níbẹ̀, ẹ má lé e dé òdo, torí oúnjẹ ewé ni. Tí kò bá sí mọ́ rárá, ewé á máa pọ́n.

8/ Ẹja àrọ̀ ní tiẹ̀, alágídí ni! Ní 2014, àwọn olùwádìí ní Netherlands ní kó má kọjá 140. Àmọ́ náítrójìn inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà. Tá a bá ka náítréètì lódindi, a ó fi 4.4 sọ ọ́ di púpọ̀: nǹkan bíi 620. Tí ẹ bá ra pépà ìdánwò omi, ẹ wo èyí tó ń kà nínú méjèèjì.

9/ Èèyàn ńkọ́? Ní 1945, dókítà kan ní Iowa, Hunter Comly, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn ń dà bí aró. Omi kànga tí wọ́n fi po mílíìkì wọn ló ní náítréètì púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́. Lónìí, WHO ní omi mímu ò gbọdọ̀ kọjá 50. Ẹ fi 620 ti ẹja àrọ̀ wé e: ó ju ìlọ́po 12 lọ.

10/ Ilẹ̀ àpáta ni Àkókó. Láti Ìkàrẹ́, gba Akùngbá, dé Ọ̀kà, òkè ló yí wa ká. Nínú ọgbà ilé kan náà lẹ ti máa rí kànga, ṣáláńgá àti táǹkì ẹja. Bùrọ̀dá mi kan ní Ọ̀kà ń sin àrọ̀. Mo bi wọ́n pé, "Bùrọ̀dá, ibo lẹ ń da omi táǹkì sí?" Wọ́n ní, "Ẹ̀yìnkùlé náà ni, àbúrò. Ṣé o ò rí i bí ẹja ṣe ń jẹun ni? Omi yẹn dáa."

11/ Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ẹja tó ń jẹun ò lè jẹ́rìí omi fún ọmọ ọwọ́. Omi tó dáa fún àrọ̀ lè pa ìkókó lára. Síse ò sì ràn án: kòkòrò ni iná ń pa, náítréètì ò lọ síbì kan. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ńṣe ló ń ki sí i.

12/ Kí la máa ṣe? Ẹ da omi táǹkì sí ìsàlẹ̀, jìnnà sí kànga. Ẹ fi bomi rin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tẹ̀tẹ̀. Koríko inú gíláàsì Warington ń jẹ ẹ́, tiyín náà á jẹ ẹ́. Ẹ yẹ omi kànga wò, pàápàá lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Tó bá lé ní 50, ẹ wá omi mìíràn po mílíìkì ọmọ. Bùrọ̀dá ti gbẹ́ ojú àgbàrá sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Tí ẹ bá mọ ẹni tó ń sin ẹja nílé tí ìkókó wà, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i.