Ta Ni Ìgbàlà Wà Fún? Ìbéèrè Náà Kì Í Ṣe Ti Òde Òní

Ní Ìwó, agboolé tí àfáà àti díákónì ti jẹ́ ọmọ bàbá kan náà kò ṣọ̀wọ́n. Bí Iléyá bá dé, ẹran á dé ilé ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá di Kérésìmesì, ìrẹsì á gba ọ̀nà kan náà padà. Nítorí náà, bí oníwàásù bá ní gbogbo ẹni tí kò sí nínú ìjọ ti ṣègbé, ìyá tó bí wọn lọ́mọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó ń rò. Bí ẹnì kan bá sì béèrè bóyá àánú Ọlọ́run lè dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, èsì tó máa ń gbọ́ ni pé ẹ̀kọ́ òyìnbó òde òní ti wọ̀ ọ́ lórí, pé láti ayé àwọn àpọ́sítélì ni gbogbo ìjọ ti fohùn ṣọ̀kan.

Ìtàn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gbà lọ́jọ́ orí pẹ̀lú ìjọ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó gbé e ru ti wá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ jù, pé kò sí ìgbàlà lẹ́yìn òde ìjọ. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ni a ń gbé e fún. Inúnibíni Késárì Decius ní ọdún 250 ti mú kí ọ̀pọ̀ Kristẹni sẹ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bóyá ká gbà wọ́n padà. Àwọn kan yapa, wọ́n ń ṣe ìrìbọmi tiwọn lọ́tọ̀. Ní 256, Cyprian kọ̀wé pé ìrìbọmi àwọn tó yapa kò já mọ́ nǹkan kan; inú ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kristẹni tó fi ilé sílẹ̀ ló ń bá wí. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 258, ó sì lé ní 350 ọdún lẹ́yìn náà kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ náà ko Mùsùlùmí Ìwó lójú ń fi ìbáwí ará ilé bá ará ìta wí.

Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn nà án dé ọ̀dọ̀ ará ìta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹfà, Fulgentius, bíṣọ́ọ̀bù Ruspe ní agbègbè Cyprian kan náà, sọ ọ́ láìfi bò pé kèfèrí àti Júù wà nínú ìdálẹ́bi pẹ̀lú. Àpérò ìjọ Kátólíìkì ní Florence tún un sọ ní 1442. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi gbòòrò bẹ́ẹ̀.

Ṣáájú wọn, ohùn mìíràn ti ń dún. Justin, tí wọ́n pa ní Róòmù nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 165, kọ ọ́ pé Socrates, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, àti àwọn bíi tirẹ̀, tó fi òye tí Ọlọ́run fún wọn gbé ayé kí Jésù tó wá, Kristẹni ni wọ́n. Clement ní Alẹkisáńdíríà, ní Íjíbítì, kọ́ni pé ọgbọ́n ni Ọlọ́run fi tọ́ àwọn Gíríìkì wá sọ́dọ̀ Kristi, bó ti fi Òfin tọ́ àwọn Júù. Nígbà tí Bọ́lájí Ìdòwú, onímọ̀ ẹ̀sìn, kọ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962, tó sì ní Ọlọ́run kò ṣàìfi ara rẹ̀ han àwọn baba wa, ojú ọ̀nà àtijọ́ yìí ló tọ̀. Origen, ará Alẹkisáńdíríà náà, tilẹ̀ ń retí pé gbogbo ẹ̀dá ni Ọlọ́run yóò mú padà bọ̀ sípò nígbẹ̀yìn. Ọba Justinian dá ẹ̀kọ́ yìí lẹ́bi ní 543, nǹkan bí 290 ọdún lẹ́yìn ikú Origen. Ẹ̀kọ́ tí kò sẹ́ni tó dì í mú, ta ni yóò tún máa pàṣẹ lé lórí?

Àwa Onítẹ̀bọmi náà ńkọ́? T. J. Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì wa ní Ìwó, gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850. Ìran tó ti wá kò fohùn ṣọ̀kan rí. Thomas Helwys, tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 1612, kọ́ni pé gbogbo ènìyàn ni Kristi kú fún, ó sì ní ọba kò láṣẹ láti fìyà jẹ Júù tàbí Mùsùlùmí nítorí ẹ̀sìn wọn. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀ka mìíràn yọ tó ní àwọn àyànfẹ́ nìkan ni Kristi kú fún. Onítẹ̀bọmi ni àwọn méjèèjì.

Ẹni tó dì mọ́ ọ̀nà tóóró ní Jòhánù 14:6 àti Ìṣe 4:12 lọ́wọ́. Ẹni tó ń retí àánú tó gbòòrò ní 1 Tìmótì 2:4 àti ìtàn Kọ̀nẹ́líù nínú Ìṣe orí kẹwàá. Èmi gbà pé Kristi ni Olùgbàlà. N kò gbà pé ó fi ìwé orúkọ àwọn tó gbà là sí mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gba tèmi, kó ṣí Bíbélì ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kó má ṣe fi ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ pa ọmọ tó ń béèrè nípa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́.