Aláǹtakùn Oníwo: Bí Ẹ̀dá Ilẹ̀ Ọ̀dàn Ṣe Ń Wọ Inú Ìwé

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn gúúsù Áfíríkà, ìyẹn ilẹ̀ koríko tí igi fọ́n ká sí, àwọn aláǹtakùn ńláńlá onírun kan wà tí wọ́n ń gbé inú ihò, tí wọ́n sì ń pè ní aláǹtakùn ìnàkí. Ní ọdún 1897, R. I. Pocock, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ya ìran kan sọ́tọ̀ lára wọn, ó sì pè é ní Ceratogyrus, nítorí ìwo tó máa ń hù láàárín pátákó líle tó bo orí àti àyà wọn. Òkú aláǹtakùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti agbègbè tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí wà lára ohun tó yẹ̀ wò. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń sọ ẹ̀dá lórúkọ kì í sábà mọ ihò tí wọ́n ti mú un jáde, orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é kì í sì í sábà dé inú ìwé.

Kí àwọn onímọ̀ tó lè gba ẹ̀yà kan wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tuntun, ẹni tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀ gbọ́dọ̀ yan àpẹẹrẹ-ìpìlẹ̀, ìyẹn ẹyọ ẹran kan tí orúkọ náà so mọ́ títí láé, tí a sì sábà máa ń tọ́jú sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Yóò wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oríkèé-oríkèé, yóò sì wo àpò kékeré inú ikùn abo, níbi tí abo ń tọ́jú àtọ̀ akọ sí, nítorí pé ìrísí àpò yìí máa ń fi ẹ̀yà kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

Ogun abẹ́lé tó jà ní Àǹgólà láti ọdún 1975 títí di 2002, pẹ̀lú àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rọrùn níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn olùwádìí dé agbègbè orísun odò Okavango ní Àǹgólà ni wọ́n rí aláǹtakùn kan tí ìwo tirẹ̀ gùn, tó sì rọ̀, tó nà sẹ́yìn síhà ikùn, nígbà tí ìwo àwọn ìbátan rẹ̀ kúrú, tó sì le. John Midgley àti Ian Engelbrecht ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 2019 lórúkọ Ceratogyrus attonitifer.

Àwọn ará Luchazi tó ń gbé agbègbè náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, chandachuly ni wọ́n ń pè é. Àwọn ni wọ́n sọ pé kòkòrò ni abo rẹ̀ ń jẹ, àti pé ihò tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló máa ń fẹ̀ sí i dípò kí ó gbẹ́ tuntun. Àpèjúwe tí ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ wà nínú rẹ̀ báyìí sàn púpọ̀ ju èyí tó dúró lórí òkú ẹran nìkan, nítorí pé ó sọ bí ẹ̀dá náà ṣe ń gbé ayé rẹ̀, ó sì fi iyì ìmọ̀ fún àwọn tó ni ín.