Math àti Runtime: bí singleton ṣe gorí àtẹ àti bó ṣe bọ́ sílẹ̀

Nínú ẹ̀dà Java àkọ́kọ́, èyí tó jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996, kíláàsì méjì kan wà tó yẹ kí àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò dáadáa: Math àti Runtime. Kò sí èyí tí ẹ lè fi "new" ṣẹ̀dá nínú wọn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Math kò ní object kankan. Static ni gbogbo method rẹ̀: ẹ fún un ní nọ́ńbà, ó dá èsì padà, kò sì rántí yín mọ́. Random nìkan ló ń ṣe àrékérekè níbẹ̀, torí ó fi object kan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Runtime ní tirẹ̀ ní object kan ṣoṣo, getRuntime() la sì fi ń béèrè rẹ̀. Singleton nìyẹn.

Ìwé Design Patterns ló sọ orúkọ yẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Erich Gamma, Richard Helm, Ralph Johnson àti John Vlissides ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1994 pẹ̀lú bátànì 23. Singleton wà lára èyí tó rọrùn jù láti há sórí, mo sì rò pé ohun tó kó bá a nìyẹn. Ẹni tó bá ti fẹ́ kí gbogbo prógíráàmù rẹ̀ máa rí nǹkan kan, á kàn sọ ọ́ di singleton. Àwọn tó ń lo C# ní ọ̀nà mìíràn: láti ẹ̀dà 2.0 ní 2005, èdè náà fúnra rẹ̀ ti gba "static class".

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ìdánwò kóòdù. Gamma yìí kan náà àti Kent Beck ló bẹ̀rẹ̀ JUnit nínú ọkọ̀ òfuurufú ní 1997. Ìdánwò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun, àmọ́ ohun tí ìdánwò àná fi sínú singleton ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de tòní. Static tó ń rántí nǹkan tún burú jù ú lọ, nítorí singleton lè mú interface ṣẹ, a lè gbé e fún method bí object yòókù, a sì lè fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Static kò gba ìyẹn. Ẹ wo aago: currentTimeMillis() jẹ́ static, kò sì rọrùn láti purọ́ fún kóòdù pé òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún. Java 8 ló mú kíláàsì Clock wá ní 2014, èyí tí a lè gbé wọlé láti ìta.

Ní 2009, nígbà tí wọ́n bi Gamma ohun tí òun ì bá yí padà nínú ìwé náà, ó ní òun á yọ singleton kúrò.

Nínú iṣẹ́ àṣekágbá wa, kíláàsì tó ń sopọ̀ mọ́ database ni mo sábà ń rí pẹ̀lú getInstance(). Òótọ́ ni pé ẹyọ kan la nílò. A lè ṣẹ̀dá ẹyọ kan náà nínú main, ká gbé e fún ẹni tó nílò rẹ̀ nípasẹ̀ constructor. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ yín bá ní kẹ́ ẹ dán an wò láìsí database, ìlà kan lẹ máa yí padà. Èyí tó kàn ń ṣírò máàkì sí CGPA ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní static bíi Math.