Mímọ Ìgbà Tí A Yó Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Tí A Fi Ń Dín Sísanra Kù

Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dín sísanra kù jẹ́ ọ̀nà ìwòsàn fún ẹni tí ìsanra rẹ̀ ti pọ̀ débi pé ó ń pa ìlera rẹ̀ lára, pàápàá ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn kan ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn mìíràn ń lọ ṣe é ní òkè òkun, wọn a sì padà wá sílé. Nígbà tí wọ́n bá dé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ náà lè má sí nítòsí mọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọn yóò máa jókòó ti oúnjẹ. Àwọn ni a kọ àlàyé yìí fún, àti àwọn tí ń se oúnjẹ fún wọn.

Kókó rẹ̀ ni pé yíyó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò jọ yíyó tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dúró de yíyó àtijọ́ yóò ti jẹun kọjá ààlà kí ó tó mọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ abẹ náà ń yí padà

Àpòlúkù àgbàlagbà lè gba oúnjẹ àti omi tí ó tó lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oríṣi iṣẹ́ abẹ méjì ni ó wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí a ń pè ní sleeve gastrectomy, dókítà a gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù kúrò; èyí tí ó kù a wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú gastric bypass, dókítà a ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ ní òkè àpòlúkù, tí kò gbà ju nǹkan bí 30 mililítà lọ, a sì so ó mọ́ ìfun. Dókítà Edward Mason ti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì yìí ní 1966.

Kì í ṣe ìwọ̀n àpòlúkù nìkan ni ó ń yí padà. Ní 1999, Masayasu Kojima, Kenji Kangawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan ṣàwárí họ́mónù tí ń jẹ́ ghrelin, tí ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa ènìyàn. Apá òkè àpòlúkù ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, apá yìí sì ni a ń gé kúrò nínú sleeve. Ìdí nìyí tí ebi kì í fi í pa ọ̀pọ̀ ènìyàn púpọ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Nígbà tí ó bá yá, ebi a tún máa padà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn àmì pé a ti yó

Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kò gbọdọ̀ retí pé kí ikùn òun wú kí òun tó dáwọ́ dúró. Àwọn àmì tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ nìwọ̀nyí:

- ìfúnpá tàbí ìwúwo díẹ̀ ní àárín àyà, lábẹ́ egungun àyà;
- gùfẹ̀, òsúkè, tàbí mímí kanlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀;
- kí imú ṣàdédé máa ṣomi, tàbí kí ènìyàn máa sín;
- kí oúnjẹ tí ó dùn ní òkèlè àkọ́kọ́ má fi bẹ́ẹ̀ wu ẹnu mọ́.

Àmì kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Kí olúkúlùkù kíyè sí tirẹ̀, kí ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá kọ́kọ́ yọjú. Bí ó bá fi òkèlè kan ṣoṣo kún un, ìfúnpá náà lè di ìrora, itọ́ tí ń hó lè kún ẹnu, oúnjẹ a sì padà jáde. Èyí fi hàn pé a ti kọjá ibi tí ó yẹ kí a dúró.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: òṣùwọ̀n ni kí a tẹ̀ lé

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ara inú ṣì wú, àmì yíyó sì lè má tíì hàn dáadáa. Nítorí náà, ìwọ̀n tí ilé ìwòsàn bá fún aláìsàn ni kí ó máa jẹ, kí ó fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, bí ó tilẹ̀ rò pé àyè ṣì wà. Ohun mímu ni a ń fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná, lẹ́yìn náà oúnjẹ rírọ̀, kí a tó dé orí oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ.

Bí a ṣe ń jẹun kí àmì lè hàn

Ìròyìn pé a ti yó máa ń pẹ́ tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú kí ó tó dé ọpọlọ dáadáa. Ẹni tí ó bá yára jẹun yóò ti parí àwo kí ìròyìn náà tó dé. Àwọn àgbà sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

- Kí a lo àwo kékeré àti ṣíbí kékeré.
- Kí òkèlè má tóbi, kí a jẹ ẹ́ lẹ́nu títí yóò fi rọ̀ pátápátá, kí a sì sinmi díẹ̀ kí a tó mú òmíràn.
- Kí a kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ amáradàgbà: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹja tútù tí a bọ̀, tí a sì yọ eegun rẹ̀, bí irú èyí tí ó pọ̀ ní ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́, dára fún èyí.
- Kí a má mu omi pẹ̀lú oúnjẹ. Kí a dúró tó 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, kí a sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọjọ́.
- Kí a pa tẹlifíṣọ̀n àti fóònù tì nígbà tí a bá ń jẹun.

Oúnjẹ tí ń há àti oúnjẹ tí ń tanni jẹ

Búrẹ́dì, ìrẹsì gbígbẹ, ẹran líle, ẹ̀bà àti iyán lè há tàbí kí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nínú àpòlúkù kékeré. Kí a má kánjú padà sí wọn. Ìkọ́kọrẹ́ tí a fi ewùrà se rọ̀ ju ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ẹja inú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ jẹ, kí ata àti epo rẹ̀ má sì pọ̀.

Òdìkejì wọn ni oúnjẹ tí ń yọ́ lẹ́nu: bisikíìtì tí a rì sínú tíì, áísìkiriìmù, ṣokoléètì, ohun mímu aládùn. Ìwọ̀nyí ń yára kọjá, àmì yíyó kì í sì í hàn, ènìyàn a sì máa jẹ wọ́n lọ láìmọ̀. Lẹ́yìn gastric bypass pàápàá, ṣúgà púpọ̀ lè mú kí ọkàn máa lù kìkì, kí òógùn bo ènìyàn, kí òòyì kọ́ ọ, kí inú sì máa run ún.

Nílé àti níbi ìnáwó

Oúnjẹ jẹ́ àpọ́nlé láàárín wa. Ní Ẹ̀pẹ́, orúkọ ọdún Káyókáyọ̀ pàápàá ń pè wá kí a yó, kí a sì yọ̀. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lè bá wọn yọ̀ dáadáa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yíyó tirẹ̀. Kí onílé má bínú bí àlejò bá jẹ òkèlè mẹ́ta tí ó sì ní òun ti yó. Kí ìyá tàbí aya má fi ipá bu kún un nítorí pé ó ti rù. Àlejò náà lè sọ pé: “Ẹ kú ìnáwó o, mo ti yó; ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dì í lọ sílé.”

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ààwẹ̀ gbọdọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí ó yẹ kí a yára lọ sí ilé ìwòsàn

- Bí omi lásán kò bá dúró nínú ẹni.
- Bí èébì bá ń wá léraléra, àní bí a tilẹ̀ jẹun díẹ̀.
- Bí ìrora ikùn tàbí ti èjìká òsì bá le, pẹ̀lú ibà, mímí kúkúrú tàbí kí ọkàn máa yára lù.
- Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, tàbí bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà.
- Bí ojú bá ń rí nǹkan ní méjìméjì, tí ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, tàbí tí ọkàn dàrú.

Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì. Èébì ọjọ́ púpọ̀ lè mú kí fítámì B1 tán lára, kí ó sì ba ọpọlọ àti iṣan jẹ́ títí láé. Kí aláìsàn tàbí ẹni tí ó mú un wá tètè sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, nítorí ó yẹ kí a fún un ní fítámì B1 kí a tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Kí ó máa mú ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ abẹ náà àti ọjọ́ tí a ṣe é dání nígbà gbogbo.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lè lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò tí ó wà ní ìlú yín. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, ẹ pe 767 tàbí 112.